Dòjé Màmá Marlys àti Koríko Tó Ń Mu Oògùn

                                                            Ilé Màmá Marlys Tvedt,
                                                            Ọ̀nà Olókùúta Wẹ́wẹ́,
                                                            Halvard, Iowa.
                                                            Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹjọ, 2023.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Lorraine,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ooru, ẹ kú ẹ̀fọn, ẹ sì kú ìfaradà ọkọ yín tó ń hanrun. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Mobile? Ṣé orúnkún ìyá mi ti dín ríro kù? Ṣé Roscoe ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi, àbí ẹ̀yìn ṣì ń dùn ún nígbàkígbà tí abọ́ bá wà nílẹ̀ láti fọ̀? Ẹ bá mi fẹnu ko Junie lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ sọ fún un pé mi ò tíì rí màlúù tó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ní kí n bá òun wá, ṣùgbọ́n mo ti rí àgbẹ̀ tó ń bá màlúù jiyàn, màlúù náà ló sì borí.

Bí ẹ bá rí i pé ìkọ̀wé mi rí wọ́gọwọ̀gọ, ẹ má bínú. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ọtí. Ẹ máa kà á lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ ó mọ ohun tó ṣe àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ẹ ní kí n má purọ́ fún yín nípa bí mo ṣe ń gbé níbí. Láti oṣù Kìíní tí mo ti wá kàwé, kò sí ẹni tó hùwà burúkú sí mi. Ìṣòro náà gan-an nìyẹn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á na ìka kan sókè lórí ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ láti kí mi, wọ́n á sì kọjá lọ. Ní ilé ẹgbẹ́ àgbẹ̀, níbi tí àwọn ọkùnrin àdúgbò ti ń mu kọfí láràárọ̀, “Akẹ́kọ̀ọ́” ni wọ́n ń pè mí. “Akẹ́kọ̀ọ́, bá wa gbé ṣúgà.” Ẹ mọ̀ mí, ẹnu mi kì í ṣí níwájú ẹni tí mi ò bá mọ̀ dáadáa. N ó gbé ṣúgà, n ó padà sí igun mi, n ó sì máa wò wọ́n. Tí wọ́n bá ń sanwó fún wíwò ni, ǹ bá ti ra ilé.

Nínú gbogbo ohun tí mo wò, ọ̀rọ̀ koríko ni mo fẹ́ rò fún yín.

Wọ́n ti ṣe irúgbìn ẹ̀wà sóyà tí wọ́n ń gbìn níbí lọ́nà tí oògùn apakoríko kò fi lè pa á. Wọ́n á fọ́n oògùn sí gbogbo oko, koríko á kú, ẹ̀wà á sì máa wo ojú sánmà bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àfi koríko kan báyìí. Ọmọ ìyá tẹ̀tẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè ga ju Roscoe lọ. Ńṣe ni ó dà bíi pé wọ́n fi ẹ̀wà sí ilé ìwé kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu oògùn láì kú, koríko yìí sì dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ náà láì san owó ilé ìwé, ó wá gba ipò kìíní. Wọ́n fọ́n oògùn àkọ́kọ́ sí i, ó mu ún. Wọ́n ra òmíràn tó wọ́n jù ú lọ, ó mu ìyẹn náà, ó sì ga sí i. Abo kan ṣoṣo nínú wọn lè já irúgbìn tó pọ̀ ju gbogbo èèyàn Mobile lọ sílẹ̀.

Ìtìjú sì ni lójú àwọn ará ibí. Bí èèyàn ò bá wá sí ìjọ, wọ́n á ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n tí koríko bá yọrí nínú ẹ̀wà rẹ̀ létí títì, wọ́n á máa wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ kọjá níbẹ̀ bí ẹni ń kọjá níwájú ilé òkú. Kò sí ẹni tó máa sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló ń dunni jù. Kò sì sí ẹni tó ń wọ inú ẹ̀wà ẹlòmíràn láì jẹ́ pé wọ́n pè é. Torí náà, ohun tí wọ́n bá rí láti ojú títì ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́ ara wọn.

Màmá Marlys, tí mò ń gbé lókè ilé wọn, ni oko wọn mọ́ jù. Opó ni wọ́n, wọ́n ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Wọ́n sọ fún mi pé ilẹ̀ ò tíì gbẹ lórí ibojì Orrin ọkọ wọn nígbà tí Verlyn Dorhout, tí oko wọn jọ pààlà, wá jókòó sí ilé ìdáná wọn tó ní, “Marlys, obìnrin kan ṣoṣo ò lè bá koríko ayé ìsinsìnyí jà. Gbé ilẹ̀ yẹn fún mi, kí n máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún.” Màmá gé páì fún un, wọ́n sì ní kó fi àwo náà ṣe tirẹ̀, kó má baà ní ìdí kankan láti padà wá. Láti ìgbà náà, ẹ ò lè rí ewé kan tí kì í ṣe ẹ̀wà nínú oko Màmá. Tí wọ́n bá bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n á gbé ife kọfí sẹ́nu, wọ́n á ní, “Ẹ kàn ra oògùn tuntun yẹn, kí ẹ fọ́n ọn láàárọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò sí. Ó parí.” Àwọn ọkùnrin náà sì lọ rà á, olúkúlùkù wọn.

Verlyn ni ó ni ẹ̀rọ ìkórè tí àwọn mẹ́ta tí oko wọn wà nítòsí ń lò: òun fúnra rẹ̀, Màmá, àti Duane Krebs, aláwàdà tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Verlyn náà ló ń fi ọkọ̀ gbé mi lọ sí yunifásítì láwọn ọjọ́ tí mo bá ní ẹ̀kọ́. (Mo mọ̀ pé àgbà ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi, ó sì yẹ kí n máa pọ́n wọn lé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn yìí tán ná, kí ẹ tó bá mi wí.) Ẹ̀rọ náà máa ń kọ́kọ́ kórè oko Verlyn, á kọjá sí ti Màmá, á wá fi ti Duane parí.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, Màmá Marlys máa ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á ní àwọn ń lọ bá àwọn obìnrin ìjọ rán kúbùsù alábùlẹ̀. Wọ́n á gbé àpò ìránṣọ wọn kọ́ èjìká. Ó dáa. Ṣùgbọ́n irú ìránṣọ wo ló máa ń mú kí bàtà èèyàn tutù fún ìrì títí dé orúnkún? Irú abẹ́rẹ́ wo ló ń fi oje koríko há èékánná? Lọ́jọ́ kan tí mo lọ gbé àgbàdo nínú yàrá abẹ́ ilé, mo rí àpò náà lẹ́yìn fìríìjì. Mi ò tú u o, ẹ má rò ó sí mi! Nǹkan tó wà nínú rẹ̀ ló gùn ju àpò lọ. Dòjé ni, dòjé elérùkù gígùn tí àwọn ọmọ ibí fi ń rìn inú ẹ̀wà ká láti gé koríko láyé àtijọ́, kí oògùn tó dé. Wọ́n ti pọ́n ọn débi pé ẹnu rẹ̀ ń dán.

Òógùn ara wọn ni oògùn tuntun tí Màmá ń polówó fún gbogbo àdúgbò!

Mo lóye ìdí tí wọ́n fi ń pa á mọ́. Tí Verlyn bá rí opó àgbà tó ń fi dòjé lé koríko kiri, á ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, á sì tún wá jókòó sí ilé ìdáná wọn. Mo pinnu pé kò kàn mí, mo sì lọ jẹ àgbàdo mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yá mi ní dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò tó sì ń ya àwòrán, ní yunifásítì, pé kí n lọ fi ya oko kan láti òkè. Mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ni afẹ́fẹ́ bá gbé e kọjá ààlà, ó di orí òkè kékeré tó wà láàárín oko Verlyn. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè náà tó kọjú sí títì, ẹ̀wà tò lẹ́sẹẹsẹ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Mo wo ẹ̀yìn òkè. Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbẹ́ ni! Koríko ọ̀hún dúró gbọnin-gbọnin lórí ẹ̀wà, ó ń mi orí sí mi bíi pé ó ń kí mi káàbọ̀. Verlyn ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa gbogbo èyí tó wà lójú títì tu, ó sì fi ẹ̀yìn òkè sílẹ̀ fún Ọlọ́run nìkan.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àṣé nígbà tí mo jókòó síbi oúnjẹ alẹ́, tí Màmá ń fi bọ́tà pa ànàmọ́ mi, ni ẹ̀rín náà máa gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ̀rọ ìkórè kì í nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé onílé. Gbogbo irúgbìn koríko tó bá gbé mì nínú oko Verlyn, oko Màmá ló ti máa pọ̀ ọ́ jáde. Kò sí dòjé tí apá rẹ̀ máa ká ìyẹn lọ́dún tó ń bọ̀. Màmá á bẹ̀rẹ̀ ìjà tí wọn ò ní borí, Verlyn á sì gba ilẹ̀ náà láì tilẹ̀ béèrè mọ́.

Mo gbìyànjú láti sọ fún wọn. Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, mo béèrè iyọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní ànàmọ́ náà dùn. Ṣé kí n sọ pé mo yọjú wo oko Verlyn tí kò pè mí ni, tàbí kí n sọ pé mo ti rí dòjé tí wọ́n ń gbé pamọ́? Mo lọ sùn láì tíì sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wà ní ilé ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Verlyn àti Duane ń fọ́nnu gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, àwọn àgbẹ̀ mélòó kan sì ń tẹ́tí sí wọn.

“Akẹ́kọ̀ọ́, ṣúgà,” ni Duane wí.

Mo gbé ṣúgà dé, ṣùgbọ́n mi ò padà sí igun mi. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, wọ́n ní kí n fi dúróònù ya oko tó mọ́ jù ládùúgbò yìí, gbogbo inú rẹ̀, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Oko ta ni kí n yà?”

Oko kan ṣáá ni olùkọ́ mi wí. “Tó mọ́ jù” yẹn, èmi ni mo fi ṣúgà sí i, kí Verlyn lè rántí ẹ̀yìn òkè rẹ̀.

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ife kọfí wọn.

“Ti Verlyn ni,” ni Duane wí. “Kò sí méjì rẹ̀ ní Halvard.”

“Èmi kẹ̀? Rárá o!” Verlyn fẹ́ẹ̀ da kọfí nù. “Ẹ̀wà Duane dára ju tèmi lọ. Àná ni mo ń sọ ọ́ fún ìyàwó mi.”

“Ìyàwó ẹ ò ríran dáadáa.”

“Èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe òun!”

“Ìwọ náà ò ríran nìyẹn. Ya ti Verlyn, jàre.”

Láti ìgbà tí mo ti ń jókòó síbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ kí àgbẹ̀ kan yin oko ẹlòmíràn. Láàárọ̀ yẹn, ńṣe ni wọ́n ń ti ìyìn síra wọn bí ẹni ń ti ẹyin iná. Ojú tí Duane fi ń wo ilẹ̀ jẹ́ kí n mọ̀ pé òun náà ní ẹ̀yìn òkè tirẹ̀. Nígbà tó yá, Verlyn lu tábìlì. “Marlys! Ya ti Marlys. Ó wà ní ìjọ tó ń ránṣọ, kò ní mọ̀ rárá.” Gbogbo wọn fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tilẹ̀ ní àwọn á bá mi lọ, káwọn wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń fò. Irọ́ ni. Ńṣe ni wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí oògùn tí gbogbo wọn rà fi ń gbọ́ ti Màmá nìkan.

A tò sí etí oko Màmá, mo gbé dúróònù sókè, wọ́n sì rọ̀gbà yí ojú kékeré tó ń fi ohun tó ń rí hàn ká lórí ọkọ̀ Verlyn. Ewé tútù lọ súà. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ń rìn láàárín poro.

“Àgbọ̀nrín ni,” ni Verlyn wí.

“Àgbọ̀nrín tó dé fìlà koríko?” ni Duane wí. “Àgbọ̀nrín ìjọ ni, àbí?”

Mo mú dúróònù wálẹ̀ díẹ̀. Màmá gbọ́ ariwo rẹ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì gbé dòjé sí i bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ ẹ lórí. Níbẹ̀ ni mo ya àwòrán náà.

Wọ́n jáde sí wa láti inú ẹ̀wà, ìrì ń kán lára wọn, àpò ìránṣọ wà léjìká. Ojú ń ti àwọn ọkùnrin náà débi pé wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa kó ọwọ́ wọn sí. Verlyn ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀, kò sì yé mi bóyá yẹ̀yẹ́ ló fi ń ṣe tàbí ìrètí.

“Marlys, ṣé oògùn ẹ ti tán ni?”

“Kò tán,” ni Màmá dáhùn. “Koríko ló ti mọ̀ ọ́n mu. Mo fún un lọ́dún tí Orrin kú, ó mu ún, ó sì fẹ́ gba ife kejì. Ni mo bá lọ yọ dòjé.”

“O wá jẹ́ ká lọ ra oògùn náà!” Duane pariwo.

“Ṣé mo fipá mú yín ni? Ẹnì kan nínú yín ní obìnrin ò lè dá a ṣe. Mo wá sọ pé oògùn ló ṣe é, kó lè lọ bá oògùn jà.”

Duane bú sẹ́rìn-ín, ó ṣí fìlà, ó ní kí wọ́n má wá wo ìdí àká òun títí òun á fi kú, nítorí koríko ibẹ̀ ti tó ẹni tó ń gbéyàwó. Verlyn kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Màmá sì ń wo Verlyn.

“Akẹ́kọ̀ọ́,” ni Màmá wí láì yíjú, “ṣé ẹ̀rọ ẹ yẹn lè fò dé ẹ̀yìn òkè ọ̀hún?”

Verlyn yára kọjú sí mi. Verlyn tó ń gbé mi lọ sí yunifásítì, tí ìyàwó rẹ̀ ń di bísíkíìtì fún mi. “Bátìrì rẹ̀ á ti máa tán lọ, àbí?”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ̀ pé n ò já àgbà ní koro rí. Mo wo fìlà Màmá, mo wo bàtà wọn tó tutù.

“Ó ṣì kún dáadáa, sà,” ni mo wí.

Verlyn bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi nu ojú. “Má wulẹ̀ gbé e lọ,” ó ní. “Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀.” Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé òun ti ń rò ó láti ìgbà tí ẹ̀wà ti yọ òdòdó bóun ṣe máa gbé ẹ̀rọ ìkórè wọ oko Marlys, àti pé oorun ò kun òun.

Lórí ọkọ̀ Verlyn náà ni wọ́n ti parí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìkórè á bẹ̀rẹ̀ láti oko Màmá lọ́dún yìí. Ti Verlyn ló máa gbẹ̀yìn, wọ́n á sì fọ ikùn ẹ̀rọ náà mọ́ kó tó lọ sùn. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìkórè, kí koríko tó gbó, gbogbo wa máa rin inú ẹ̀yìn òkè àti ìdí àká Duane, poro kan tẹ̀ lé òmíràn, a ó sì máa kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò jáde. Màmá ni ọ̀gá. Ẹ bá wá wo àwọn àgbà ọkùnrin tó ń wá dòjé bàbá wọn kiri inú àká, tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí èyí tó mú jù!

Ẹ má rò pé mo bọ́ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Màmá gbé ànàmọ́ fún mi láìsí bọ́tà. “Ìwọ lo mọ ọjọ́ tí mo máa ń lọ ránṣọ,” ni wọ́n wí. Mo wo àwo mi. “O sì mọ̀ pé ìránṣọ kọ́.” Mo tún wo àwo mi. Wọ́n mí kanlẹ̀. “Jẹun.” Ó di ọjọ́ kẹta kí bọ́tà tó padà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo bá dòjé kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Wọ́n ti gé erùkù rẹ̀ kúrú kó lè bá gíga mi mu. Ti Orrin ni.

Òun ló bó mi lọ́wọ́ tí ìkọ̀wé mi fi rí báyìí.

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí olùkọ́ mi. Ó béèrè irú oògùn tí wọ́n lò lóko náà tó fi mọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sí i pé èyí tí koríko kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń mu ni, pé kó wo ọwọ́ ìyá àgbà tó wà láàárín àwòrán.

Ẹ bá mi kí ìyá mi, kí ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Ẹ kí Roscoe, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má dùn ún ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ kí gbogbo ará ọgbà wa. Ẹ fi edé gbígbẹ díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi tí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀. Mo ti ṣèlérí fún Màmá.

Mo fẹ́ kọ ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fun fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀. Verlyn ni, Duane wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń pariwo débi pé ajá ti ń gbó. Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí wọ́n ń sọ sílẹ̀ fún yín, torí ìgbà àkọ́kọ́ nìyí: “Odessa! Odessa o! Koríko ti jí, ìwọ nìkan là ń dúró dè!”

Àbúrò yín tó ń sáré sọ̀kalẹ̀,
Odessa Pettway.